Orúkọ Tí A Sọ fún Nọ́ọ̀sì



Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ìmọ́tótó àti ìlera lójú ewé yìí, omi, ọṣẹ, ilé ìyàgbẹ́ àti oúnjẹ la sábà máa ń mẹ́nu bà. Lọ́tẹ̀ yìí, ohun mìíràn la fẹ́ gbé yẹ̀ wò: ohun tí nọ́ọ̀sì ń kọ sílẹ̀ nípa wa, ibi tó ń kọ ọ́ sí, àti bí ẹlòmíràn yóò ṣe rí i kà nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Inú ìwé ni wọ́n ń kọ ọ́ sí láti ọjọ́ pípẹ́. Ní báyìí, kọ̀ǹpútà, táblẹ́ẹ̀tì àti fóònù ń gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ìwé díẹ̀díẹ̀. Èrò tiwa ni pé kí a fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ṣùgbọ́n apá kan wà nínú iṣẹ́ náà tí kì í ṣe ti ìjọba, tí kì í sì í ṣe ti ilé ìwòsàn. Ọrùn ìdílé ló wà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo iṣẹ́ nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀. Dókítà lè wá wo aláìsàn láàárọ̀ kó sì bá tirẹ̀ lọ. Nọ́ọ̀sì ló wà nídìí ibùsùn tọ̀sán-tòru. Òun ló ń wọn bí ara ṣe gbóná tó, tó ń ka bí ọkàn ṣe ń lù àti bí aláìsàn ṣe ń mí, tó ń wọn ìfúnpá, tó ń kọ iye omi tó wọlé sára àti iye tó bá ìtọ̀ jáde, tó ń kọ oògùn tó lò fún un àti aago tó lò ó. Bí àsìkò rẹ̀ bá pé, yóò fa gbogbo rẹ̀ lé ẹni tó wá gbaṣẹ́ lọ́wọ́. Níbi ìfàlélọ́wọ́ yìí ni nǹkan ti máa ń bọ́ sọnù. Bí ẹni àárọ̀ bá gbàgbé láti sọ pé òun ti gún ìyá lábẹ́rẹ́ kí òun tó lọ, ẹni ọ̀sán lè tún gún un. Bí ìfúnpá bá ń gòkè díẹ̀díẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ àná, tí olúkúlùkù sì kọ tirẹ̀ sójú ewé ọ̀tọ̀, nọ́ńbà kan ṣoṣo lẹnìkọ̀ọ̀kan rí. Kò sẹ́ni tó rí i pé ó ń gòkè.

Kọ̀ǹpútà kò gbọ́n ju nọ́ọ̀sì lọ. Ohun tó fi dára ni pé kì í gbàgbé, kì í sùn, ó sì lè to nọ́ńbà ọjọ́ mẹ́ta pọ̀ sójú kan náà kí ojú èèyàn lè rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Èyí tí wọ́n bá ṣe dáadáa yóò tiẹ̀ pariwo bí nọ́ńbà kan bá kọjá ààlà. Iṣẹ́ yìí ti di ẹ̀kọ́ gidi láàárín àwọn nọ́ọ̀sì. Ní ọdún 1992 ni ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì ilẹ̀ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i pé ẹ̀ka kan ni lára iṣẹ́ wọn, gẹ́gẹ́ bí ìtọ́jú ọmọdé ṣe jẹ́ ẹ̀ka kan.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àṣà òde òní ni kí nọ́ọ̀sì máa kó nọ́ńbà jọ. Ní ọdún 1854, Florence Nightingale kó àwọn nọ́ọ̀sì lọ sí Scutari, ní òdìkejì omi sí Istanbul, ní ilẹ̀ àwọn Túúkì. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó fara gbọgbẹ́ ni wọ́n kó sí bárékè àwọn Túúkì níbẹ̀. Ilé náà dọ̀tí, ìdọ̀tí rẹ̀ kò lọ dáadáa, àìsàn sì ń ràn láti orí ibùsùn kan dé òmíràn. Nígbà tí Nightingale padà délé, ó kó iye àwọn tó kú jọ lóṣooṣù, ó pín wọn sí ohun tó pa wọ́n, ó sì fi àwọ̀ ya àwòrán rẹ̀ jáde ní ọdún 1858. Ẹni tó bá wo àwòrán náà á rí i kíákíá: àwọn tí àìsàn pa pọ̀ ju àwọn tí ọgbẹ́ ogun pa lọ fíìfíì. Ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó tí àwọn ọ̀gágun ì bá pè ní ọ̀rọ̀ obìnrin, nọ́ńbà ló bá a gbà á. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀ kò fi ṣàjèjì sí ojú ewé ìmọ́tótó.

Nọ́ọ̀sì mìíràn tún wà, Sue Kinnick ni orúkọ rẹ̀, ní ilé ìwòsàn àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì ní Topeka, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní 1992, ó rìnrìn àjò, ó yá mọ́tò lò. Nígbà tó fẹ́ dá mọ́tò náà padà, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kàn na ẹ̀rọ kékeré kan sí àmì ìlà dúdú tó wà lára mọ́tò, ọ̀rọ̀ sì parí. Ó ronú pé bí wọ́n bá lè ṣe èyí fún mọ́tò, kí ló dé tí a kò lè ṣe é fún aláìsàn? Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e kalẹ̀: àmì ìlà lára oògùn, àmì ìlà lára okùn ọwọ́ aláìsàn. Nọ́ọ̀sì á na ẹ̀rọ sí méjèèjì kó tó fún un lóògùn. Bí wọn kò bá bára mu, ẹ̀rọ á kọ̀. Nígbà tó yá, ó di ti gbogbo ilé ìwòsàn àwọn ológun náà. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ rí níbẹ̀ ni pé kì í ṣe ẹni tó ń ṣe kọ̀ǹpútà ló ronú kàn án. Nọ́ọ̀sì tó mọ ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀ ni.

Àwa náà ní ìtàn tiwa, kò sì jìnnà sí Àkúrẹ́ rárá. Ní ọdún 2009, nígbà tí Dókítà Olúṣẹ́gun Mímìkò, ọmọ ìlú Oǹdó, jẹ́ gómìnà, ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó bẹ̀rẹ̀ ètò Abíyè ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọrẹ̀, níbi tí Ìgbàrà-Òkè wà. Ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2008 ti fi hàn pé nínú 100,000 ọmọ tí wọ́n bá bí láàyè nílẹ̀ wa, ìyá bíi 545 ló ń bá a lọ. Àwọn tó gbé Abíyè kalẹ̀ wò ó pé ìdádúró ló ń pa aláboyún: ìdádúró kí ilé tó pinnu pé kó lọ sílé ìwòsàn, ìdádúró lójú ọ̀nà, ìdádúró kí wọ́n tó dá a lóhùn nígbà tó débẹ̀, àti ìdádúró kí wọ́n tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó tóbi jù. Wọ́n wá forúkọ àwọn aláboyún sílẹ̀, wọ́n fún wọn ní fóònù tí wọ́n lè fi pe òṣìṣẹ́ ìlera láìsan owó, wọ́n sì yan àwọn tí yóò máa bẹ̀ wọ́n wò nílé. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ilé ìwòsàn Ìyá àti Ọmọ ṣí ní Àkúrẹ́. Oǹdó náà ní tirẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń yin ètò náà, fóònù ni wọ́n máa ń yìn. Ojú tí àwa fi wò ó yàtọ̀. Fóònù wà ní ibi gbogbo kí Abíyè tó dé. Ohun tó jẹ́ tuntun ni pé ẹnì kan wà ní ìdí kejì tó mọ orúkọ aláboyún yẹn, tó mọ ilé rẹ̀, tó mọ oṣù tí oyún rẹ̀ wà, tó sì mọ̀ bóyá iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé èyí tó bí kẹ́yìn. Ìyá pe nọ́ńbà kan, kò sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àkọsílẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ dé ilé ìwòsàn. Bí a bá yọ àkọsílẹ̀ náà kúrò, fóònù á di fóònù lásán.

Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ pẹ́ díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ orúkọ.

Nídìí tábìlì káàdì, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé kí lorúkọ yín. Ó dà bí ìbéèrè tó rọrùn jù lọ. Nínú ìdílé Mùsùlùmí Yorùbá, òun ló le jù! Ẹ mú Ruqayyah bí àpẹẹrẹ. Nínú mọ́ṣáláṣí kan ṣoṣo, ẹ ó rí Rukayat, Rukayatu, Rukaya, Ruqoyyah àti Rukayyat. Ẹ mú Abdul-Azeez. Bẹ́ẹ̀ ni Lèmọ́mù ṣe pè é lọ́jọ́ ìkómọ. Lásísì ni ìyá bàbá rẹ̀ ń pè é, òun náà ni àdúgbò mọ̀. Azeez ló wà nínú ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Làmídì àti Abdul-Hameed, Gàníyù àti Abdul-Ganiyy, Ràímì àti Abdur-Raheem, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn tọ̀. Ẹ fi orúkọ bàbá kún un: ẹ̀gbọ́n ń jẹ́ orúkọ bàbá, àbúrò ń jẹ́ orúkọ bàbá àgbà, àwọn méjèèjì sì jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Ìyàwó jẹ́ orúkọ ilé bàbá rẹ̀ nígbà oyún àkọ́kọ́, ó jẹ́ orúkọ ọkọ nígbà oyún kejì. Nígbà tó sì dé Mẹ́kà padà, Alhaja ló fẹ́ kí wọ́n kọ sí i.

Akọ̀wé tó mọ ilé wa lè fi ẹ̀rín yanjú gbogbo èyí. Kọ̀ǹpútà kò mọ ilé ẹnikẹ́ni. Lẹ́tà ló ń kà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀ pé Lásísì àti Abdul-Azeez lè jẹ́ ẹnì kan náà. Ẹ fi ojú inú wò ó: nọ́ọ̀sì tẹ Ruqoyyah sínú ẹ̀rọ ní aago méjì òru, ẹ̀rọ dá a lóhùn pé kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Kí ló kù tí yóò ṣe? Á ṣí ojú ewé tuntun, òfìfo. Ojú ewé Rukayat wà nínú ẹ̀rọ kan náà, inú rẹ̀ sì ni wọ́n kọ ọ́ sí ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn pé bí wọ́n bá gún un ní penisílíìnì, ara rẹ̀ á wú, mímí á sì le fún un. Nọ́ọ̀sì kò rí i. Ẹ̀rọ kò ṣẹ̀, nọ́ọ̀sì kò ṣẹ̀.

Òdìkejì rẹ̀ tún burú ju èyí lọ: kí ènìyàn méjì bọ́ sínú ojú ewé kan. Ilé wa ni ilé ìbejì. Táyé àti Kẹ́hìndé, tàbí Hassan àti Husain, ní ìyá kan, bàbá kan, àdúgbò kan, ọjọ́ ìbí kan, nọ́ńbà fóònù kan. Gbogbo ohun tí nọ́ọ̀sì fi ń dá aláìsàn mọ̀ ló bára mu tán, àyàfi orúkọ. Bí ẹ̀jẹ̀ Táyé bá jẹ́ AS, tí ti Kẹ́hìndé jẹ́ SS, tí wọ́n sì kọ èsì sójú ewé ara wọn, ọdún mélòó ni yóò gbà kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀? Ìyá ìbejì ní láti sọ ọ́ tantan nídìí tábìlì pé ìbejì ni wọ́n, kó sì wo okùn ọwọ́ tàbí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìgò ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó gbé e lọ. Kò sí ìwà àìlọ́wọ̀ nínú kí ènìyàn sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi wo orúkọ tẹ́ ẹ kọ síbẹ̀.”

Ọjọ́ orí ńkọ́? Màmá wa kan lè jẹ́ ẹni ọgọ́ta ọdún lónìí, kó sì tún jẹ́ ẹni ọgọ́ta lẹ́yìn ọdún mẹ́rin. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ranrí pé òun kò ní tẹ̀ síwájú àfi bí òun bá gba ọjọ́ àti oṣù, akọ̀wé á fi ọjọ́ kìíní oṣù Jánúárì sí i. Lójú ẹ̀rọ, ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí ìdajì àwọn àgbàlagbà àdúgbò. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni, ṣùgbọ́n ìwọ̀n oògùn ọmọdé, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ́jú kíndìnrín, ọjọ́ orí wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ná wa ní kọ́bọ̀. Kí ìdílé kọ̀ọ̀kan yan ọ̀nà kan láti kọ orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì dúró tì í níbi gbogbo. Ẹni tó bá ti gba fíísà Hájì rí mọ ohun tí à ń wí: kò sẹ́ni tó ń fi Rukayat gba ìwé ìrìnnà kó wá fi Ruqoyyah wọ bàálù. Ìṣọ́ra tí a fi ń kọ orúkọ ìwé ìrìnnà, òun náà ni kí a fi kọ ti káàdì ilé ìwòsàn. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN, tó jẹ́ nọ́ńbà mọ́kànlá, wúlò púpọ̀ níbí, nítorí nọ́ńbà kò ní ọ̀nà méjì tí wọ́n ń gbà kọ ọ́. Orúkọ tó wà nídìí NIN ni kí a mú. Bí orúkọ ibẹ̀ kò bá tọ̀nà, kí a tètè lọ tún un ṣe kí àìsàn tó dé. Ọmọ tuntun náà, kí orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ, orúkọ inú ìwé ọjọ́ ìbí lọ́dọ̀ àjọ NPC àti orúkọ ojú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára jẹ́ ọ̀kan náà, lẹ́tà sí lẹ́tà.

Lẹ́yìn orúkọ, nọ́ńbà fóònù. Nọ́ńbà ta ni à ń fún wọn? Lọ́pọ̀ ìgbà, ti bàbá ilé ni. A kò sọ pé ó burú kí bàbá mọ̀. Ṣùgbọ́n bí nọ́ọ̀sì bá fẹ́ rán ìyá létí ọjọ́ tó yẹ kó padà wá, tàbí tí èsì àyẹ̀wò bá jáde tó sì ń fẹ́ ìtọ́jú kíákíá, Abújá ni fóònù náà wà, tàbí lórí afárá Èkó. Ìyá wà ní Ìjọ̀ká, kò gbọ́ nǹkan kan. Àwọn ọ̀rọ̀ kan sì wà tí ó yẹ kí obìnrin kọ́kọ́ gbọ́ nípa ara rẹ̀ kí ẹlòmíràn tó gbọ́, ìyẹn náà jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀. Àbá wa ni pé kí ìyá fi nọ́ńbà tirẹ̀ sílẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, kó fi ti ọkọ tàbí ti ẹnì kan tó ń gbé nítòsí ṣìkejì. Bí síìmù bá sọnù, kí ó lọ sọ fún wọn. Àwọn ilé ìwòsàn náà, a bẹ̀ yín: ọ̀pọ̀ àwọn ìyá wa ń ka Lárúbáwá àti Yorùbá dáadáa, wọn kò ka Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ ìránlétí tí ẹ ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ránṣẹ́ kò dé ibì kankan. Ẹ fi ohùn Yorùbá ránṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó náà tún wà níbẹ̀. Obìnrin tó ń gbé Òkè-Àró ní Àkúrẹ́, tí ìyá rẹ̀ wà ní Yaba nílùú Oǹdó, Àkúrẹ́ ni yóò ti máa gba ìtọ́jú oyún. Nígbà tí ìkúnlẹ̀ bá kù sí dẹ̀dẹ̀, yóò lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, kó lè rí ẹni wẹ ọmọ fún un. Àṣà tó dára ni, kò sẹ́ni tí yóò ní kí a fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìfúnpá rẹ̀ láti oṣù mẹ́ta sí oṣù mẹ́jọ, àbájáde ìtọ̀ rẹ̀, irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ní láti bá a lọ. Ìrètí wa ga lórí èyí, nítorí pé àwọn ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba ìpínlẹ̀ ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó ti wà lábẹ́ òrùlé kan, ìyẹn ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Ìmọ̀ Ìṣègùn, UNIMED, tí òfin ọdún 2014 dá sílẹ̀ ní Oǹdó. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Ilé kan tó ní ẹsẹ̀ ní ìlú méjèèjì ló yẹ kó kọ́kọ́ fi hàn wá bí ojú ewé aláìsàn ṣe ń rìn láti ìlú kan dé èkejì kí aláìsàn tó dé. Títí di ìgbà tí èyí yóò fi rí bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo, kí aláboyún ya fọ́tò gbogbo ojú káàdì rẹ̀ sórí fóònù, kó sì tún gbé káàdì náà dání.

Ní yàrá ìrọbí gan-an, àkọsílẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ náà. Bébà kan wà tí àwọn agbẹ̀bí ń pè ní partograph. Wọ́n ń fi àmì sí bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, àti bí ẹnu ilé ọmọ ṣe ń ṣí. Ní 1972, dókítà méjì, Philpott àti Castle, fi ìlà ìkìlọ̀ sí i ní ilẹ̀ tó ń jẹ́ Zimbabwe lónìí, nítorí àwọn agbẹ̀bí tí ibùdó wọn jìnnà sí ilé ìwòsàn ńlá. Bí àmì bá ti kọjá ìlà náà, kí wọ́n tètè gbé ìyá lọ, kí wọ́n má dúró de ìgbà tí agbára á pin. Ọgbọ́n tó jinlẹ̀ ni. Ìṣòro rẹ̀ ni ọwọ́ tó kéré. Níbi tí agbẹ̀bí kan bá ti ń tọ́jú ìyá mẹ́rin, ẹ̀yìn ìgbà tí ọmọ ti ké ni wọ́n máa ń rántí kún bébà náà, láti orí. Bébà kò lè mọ̀. Táblẹ́ẹ̀tì mọ̀, nítorí aago tí wọ́n tẹ ọ́ ló fi sí i, kì í ṣe aago tí wọ́n pè fún un. Ó sì lè dún láti rán agbẹ̀bí létí pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ti pé. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé bébà tuntun jáde fún iṣẹ́ yìí ní ọdún 2020. Àkókò rèé láti gbé e sórí ẹ̀rọ, kí a má tún máa tẹ bébà tí ẹ̀yìn ọ̀la ni wọ́n máa kún un.

Àwọn àgbà kan ń ráhùn pé àwọn nọ́ọ̀sì ìwòyí, fóònù ni wọ́n ń tẹ̀, wọn kì í wo ojú aláìsàn. A kò ní dá wọn lẹ́bi. Ẹni tí ìrora mú, tó rí nọ́ọ̀sì tó tẹrí ba sórí ẹ̀rọ, báwo ni yóò ṣe mọ̀ bóyá ìfúnpá òun ló ń kọ tàbí WhatsApp ló ń kà? Ojúṣe nọ́ọ̀sì ni láti sọ ọ́: “Màmá, iye ìfúnpá yín ni mò ń tẹ̀ sínú ẹ̀rọ yìí.” Gbólóhùn kan péré. Kí ilé ìwòsàn sì ra ẹ̀rọ iṣẹ́ fún iṣẹ́, kí fóònù ti ara ẹni wà nínú báàgì. Ibi tí a kò ti gbà pẹ̀lú àwọn àgbà wa ni pé kí a padà sí ìwé. Ẹ̀rọ tí wọ́n bá fi dípò nọ́ọ̀sì la ń bẹ̀rù. Èyí tí wọ́n bá fi ran nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ kò ní kí ẹ̀rù bà wá.

Àṣírí ńkọ́? Ìbéèrè pàtàkì tí àwọn ìyá wa ń béèrè nìyí: ta ni yóò máa rí ọ̀rọ̀ ara mi lórí kọ̀ǹpútà? Àmáánà ni ọ̀rọ̀ aláìsàn. Ẹ rántí pé fáìlì bébà tí wọ́n ń gbé kiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹnikẹ́ni lè ṣí i láìsí ẹni tó mọ̀. Ẹ̀rọ tó dára ń kọ orúkọ ẹni tó ṣí ojú ewé náà àti aago tó ṣí i. Ààbò náà bàjẹ́ lọ́jọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́fà bá ń lo ọ̀rọ̀ ìwọlé kan ṣoṣo. Òfin Ìlera ti ọdún 2014 fi àṣírí aláìsàn sábẹ́ ààbò, òfin ìdáàbòbò dátà tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023 sì ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ àwọn tó gbẹgẹ́ jù. Ìdílé tó ń béèrè àṣírí náà gbọ́dọ̀ máa pa á mọ́. Ẹni tó ya fọ́tò àbúrò rẹ̀ lórí ibùsùn, tí omi ń kán sí i lára, tí aṣọ kò sì bò ó tán, tó wá gbé e sórí sítétọ̀ọ̀sì kí ènìyàn lè ṣàdúà, àdúà náà kò ní fọ́tò fi ṣe.

Níwọ̀n bí ojú ewé ìmọ́tótó ti nìyí, ẹ jẹ́ ká sọ ti ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ọwọ́ tó kan ibùsùn, tó kan ọgbẹ́, ni ọwọ́ tó ń tẹ táblẹ́ẹ̀tì. Kòkòrò àrùn kì í ka ẹ̀rọ sí ohun ọ̀wọ̀. Kí nọ́ọ̀sì fọwọ́ kó tó kan aláìsàn àti lẹ́yìn tó bá kàn án, bó ti wù kí ẹ̀rọ ti jẹ́ ìkejì ọwọ́ rẹ̀ tó. Kí wọ́n máa fi aṣọ kékeré tí wọ́n rẹ sínú ọtí ìpakòkòrò nu ojú ẹ̀rọ àti bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà. Kí wọ́n má da omi sí i. Àwa tí à ń bẹ aláìsàn wò, fóònù tí a gbé sórí tábìlì alágbo lọ́jà, tí a mú wọ ilé ìyàgbẹ́, kò yẹ kó balẹ̀ sórí ìrọ̀rí ọmọ ìkókó. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára àwọn tí ibà Lassa ń yọ lẹ́nu jù ní Nàìjíríà, a kò sì nílò ìránlétí lọ́pọ̀lọpọ̀ lórí ọwọ́ fífọ̀. Lórí Lassa yìí náà, ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́: ètò SORMAS, tí àwọn ọmọ Nàìjíríà àti àwọn ará Jámánì jọ ṣe lẹ́yìn tí Ebola wọ ilẹ̀ wa ní 2014, ni wọ́n fi ń tọpa ẹni tó ní in àti àwọn tó fara kàn án. Bí orúkọ àti àdúgbò tí a sọ kò bá jẹ́ òótọ́, àwọn tó ń wá wa kiri kò ní rí wa.

Ìjọba ní tirẹ̀ láti ṣe. Kò sí ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ lórí iná tó kú. Kí wọ́n tó ra kọ̀ǹpútà ogún, kí wọ́n kọ́kọ́ gbé sólà àti bátìrì tó lè gbé e di àárọ̀ sí yàrá ìrọbí, kí wọ́n sì rí i pé ẹ̀rọ náà lè máa gba àkọsílẹ̀ nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ, kó wá fi ránṣẹ́ nígbà tó bá dé. Kí wọ́n pe àwọn nọ́ọ̀sì jókòó kí wọ́n tó ra ohunkóhun. Kí wọ́n sì fi bébà sí ẹ̀gbẹ́ fún ìgbà díẹ̀, nítorí ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá kọṣẹ́.

Ní ti àwa ìdílé, ó yẹ kí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí kọ̀ọ̀kan, ní Àkúrẹ́ àti ní Oǹdó, ya Àsàlátù ọjọ́ Àìkú kan sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ yìí. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú NIN rẹ̀ àti káàdì ilé ìwòsàn gbogbo ará ilé rẹ̀ wá. Kí àwọn ọ̀dọ́ tó mọ̀wé jókòó tì wọ́n, kí wọ́n fi lẹ́tà wé lẹ́tà, kí wọ́n kọ orúkọ, ọdún ìbí, irú ẹ̀jẹ̀, oògùn tí ara kọ̀ àti nọ́ńbà fóònù méjì sórí bébà kékeré kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù onítọ̀hún nìkan. Kí àwọn tó ní káàdì méjì tàbí mẹ́ta ní ilé ìwòsàn kan náà kó gbogbo rẹ̀ lọ bá akọ̀wé ibẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kó bá wọn so ó pọ̀ mọ́ ọ̀kan. Káàdì àtijọ́ tí omi ti bà jẹ́, ẹ má jù ú nù. Ẹ mú un dání.